Láti Ọjà Olúwo dé Lọ́ńdọ̀nù: Gígùn Ọ̀nà àti Àkókò Ìrìn

Ohun méjì ni a fi ń wọn ìrìn-àjò: bí ọ̀nà ti gùn tó, àti bí yóò ti pẹ́ tó kí arìnrìn-àjò tó gúnlẹ̀. Gígùn ọ̀nà kì í yí padà. Àkókò ni ìtàn ń yí. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹja inú ọ̀sà ti ń gúnlẹ̀ kí ó tó di ti ará Èkó.

Omi ni ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ní ayé àtijọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ó sá lọ, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì wá tẹ̀dó sí. Ibẹ̀ jìnnà tó láti fi sá fún ọ̀tá, kò sì jìnnà jù láti padà wá bá ọ̀tá jà: ní 1853 ó kógun ti Èkó. Àdéhùn wáyé ní Ẹ̀pẹ́ ní 1854, ó sì padà sílé ní 1862.

Òkun ni ọ̀nà ìlú Òyìnbó nígbà náà. Ní àwọn ọdún 1950, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ ojú omi Aureol fi ń rìn láti Àpápá dé Liverpool. Ṣùgbọ́n ní 1936, Imperial Airways ti mú ọ̀nà òfurufú wọ Kánò láti Khartoum, kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Èkó. Ọkọ̀ ìgbà náà ń bà láti ìlú dé ìlú kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Lónìí, láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 5,000 kìlómítà, kò ju bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ. Àríwá Èkó gan-an ni Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Nítorí náà aago ìlú méjèèjì kì í fi ju wákàtí kan lọ yàtọ̀ síra.

Síbẹ̀, bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Ẹ̀pẹ́ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, nǹkan bí 70 kìlómítà ni. Ọkọ̀ òfurufú tí ń sáré 850 kìlómítà ní wákàtí kan yóò gbà á kọjá ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba Ìkòròdú lọ lè lo wákàtí púpọ̀ bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dé. Ìyá ẹlẹ́ja mọ ìtumọ̀ èyí: ẹja tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bí yìnyín bá ti yọ́, owó ti ń lọ.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde ètò pápákọ̀ òfurufú tuntun sí agbègbè Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́. Ìyẹn lè mú Lọ́ńdọ̀nù súnmọ́ Ẹ̀pẹ́ sí i. Ọ̀nà kúkúrú tí ẹja ń gbà dé ọbẹ̀ ará Èkó ni kò tíì kúrú.