Àáró: Láti Oko Lísàbí dé Ìdí Kọ̀ǹpútà

Ibogun kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Ọ̀wọ́ abúlé ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi orúkọ àfikún ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, Ibogun-Ọláògún ní ìhín, Ibogun-Ṣówùnmí ní ọ̀hún, tí gbogbo wọn sì wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lórí ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tí àwọn ọmọ Òwu, ọmọ Asunkúngbadé, rí ro lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ ìlú wọn, tí wọ́n sì ti wá bá àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1834. Ọmọ àgbẹ̀ ibẹ̀ ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kí ó tó di ọ̀gágun, kí ó sì tó di olórí orílẹ̀-èdè. Lórí ilẹ̀ kan náà ni ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà lónìí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò kọ ebè rí ti ń jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Bí ènìyàn púpọ̀ ṣe lè jọ ṣe iṣẹ́ kan láìyọ ara wọn lẹ́nu wà lára ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Ìwé òkè òkun ni a sábà fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, n kò sì rí ibi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí bí a kò bá sọ fún wọn pé ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ti mọ ẹ̀kọ́ náà tipẹ́tipẹ́, àti pé àáró ni àwọn baba wọn ń pè é.

Bí àáró ti rí nìyí. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́rin, tàbí mẹ́fà, tàbí mẹ́wàá, tí oko wọn kò jìnnà sí ara wọn, tí agbára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, a fohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò máa ti oko ẹnì kan bọ́ sí ti ẹnì kejì títí yóò fi kárí. Bí ó bá ṣe ebè kíkọ ni iṣẹ́ ọjọ́ náà, ebè ni gbogbo wọn yóò kọ. Bí ó bá ṣe igbó ṣíṣán, igbó ni wọn yóò ṣán. Ẹni tí ó ni oko ni yóò sì bọ́ wọn. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ọ̀gá, ṣùgbọ́n ìṣirò wà, ìṣirò tí ó le koko: ọjọ́ kan ni ẹ̀san ọjọ́ kan, ẹni tí ó bá jẹ gbèsè ọjọ́ kò sì gbọdọ̀ má san án. Bí àìsàn bá dá ènìyàn dúbúlẹ̀, yóò rán àbúrò rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀ tí ó ti tó gbé ọkọ́. Bí kò bá rí ẹni rán, wọn yóò ní sùúrù fún un títí ara rẹ̀ yóò fi yá, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbà mí lójò kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn ni. Òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró de alágbára tí ó dá nìkan wà, iṣẹ́ tí ìbá sì gba ọkùnrin kan ní ọjọ́ púpọ̀ ni àwọn aláàáró ń parí kí oòrùn tó wọ̀.

Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí mo kà sí ju bí iṣẹ́ ṣe ń yá kíá lọ. Nínú àáró, ojú gbogbo ènìyàn ni ó ń tó oko gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ebè rẹ̀ wọ́, ẹni tí ó jẹ́ kí èèkan borí iṣu rẹ̀, kò lè fi í pamọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí wọn yóò dé ibẹ̀ bí ó bá kan tirẹ̀. Wọn yóò sì sọ ọ́ fún un lójú, tẹ̀ríntẹ̀rín, pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, wọn yóò sì bá a tún un ṣe. Ọ̀dọ́ tí kò mọ iṣẹ́ dunjú, ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò ti kọ ebè, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, bí àwọn ará ìsinsìnyí tilẹ̀ ń da méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ilé, tàbí tí iṣẹ́ oko àna já lé léjìká, ni ó ń bẹ ọ̀wẹ̀: yóò ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, wọn yóò tú jáde, wọn yóò po amọ̀, wọn yóò mọ ògiri, oúnjẹ yóò pọ̀, ẹmu yóò sì ṣàn. Kò sí ẹni tí ń ka ọjọ́ nínú ọ̀wẹ̀. Ìbátan àti ìfẹ́ ni ó gbé e ró. Ọ̀mọ̀wé N. A. Fádípẹ̀ kọ nípa àṣà méjèèjì nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1970, ó sì tọ́ kí ẹni tí ń ṣàkóso òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ wa lónìí wá ìwé náà kà.

Àáró yìí ni ó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀. Kí wọ́n tó sá wá sábẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ìlú wọn ṣì fọ́n káàkiri inú Igbó Ẹ̀gbá, Aláàfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń sìn, àwọn ìlàrí tí Ọ̀yọ́ fi ṣe ajẹ́lẹ̀ sì ń gbé láàrin wọn, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi onílé ṣe ẹrú nínú ilé rẹ̀. Lísàbí, Agbòǹgbò-Àkàlà, àgbẹ̀ ni. Bí ó bá pe ènìyàn jọ fún ogun lójú àwọn ìlàrí, orí rẹ̀ ni yóò fi dí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fura sí àgbẹ̀ tí ń ṣe àáró? Ẹgbẹ́ Àáró ni ó dá sílẹ̀, tí wọ́n ń ti oko dé oko, títí tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fi di ẹgbẹ́ ogun tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Olórógùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ní àkókò tí àwọn òpìtàn sábà ń fi sí àárín 1775 sí 1780, wọ́n dìde sí àwọn ìlàrí ní ìlú gbogbo. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ pé àwọn ìlàrí tí ó ṣègbé lé ní 600. Ọ̀yọ́ rán ogun wá gbẹ̀san, àwọn Ẹ̀gbá sì ṣẹ́gun rẹ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, ibi tí mo sì bá a dé ni pé kì í ṣe ìbúra nìkan ni ó pa àṣírí ọ̀tẹ̀ náà mọ́. Àwọn ọkùnrin tí Lísàbí fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́ ti fi iṣẹ́ dán ara wọn wò ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ oko: olúkúlùkù ti mọ ẹni tí ń dé ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹni tí ń fà sẹ́yìn, àti ẹni tí ó jẹ ọjọ́ tí ó sì san án láìjẹ́ pé a sìn ín. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá wẹ tòsì, tí tòsì wẹ tọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Àwọn Òwu, baba àwọn ará Ibogun, kò tíì sí lára Ẹ̀gbá nígbà náà, ṣùgbọ́n àáró kì í ṣe àjèjì sí àgbẹ̀ Yorùbá kankan.

Owó ni ó dín àáró kù. Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, ó gba Ìfọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ẹni tí ó bá rí èrè oko rẹ̀ tà fún àwọn oníṣòwò lè fi owó pe alágbàṣe, kò sì tún ní sùúrù láti ka ọjọ́. Ilé ìwé kó àwọn ọmọ lọ. Nígbà tí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, Mowé àti Ìbafò tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ibùsùn àwọn tí iṣẹ́ wọn wà ní Èkó, tí wọ́n ń jí lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Lára àwọn tí ń jí lọ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti dá CcHub, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yábàá, sílẹ̀ ní 2010, tí ilé iṣẹ́ Andela sì tẹ̀ lé e ní 2014. Ní Amẹ́ríkà ní 2001, ọkùnrin 17 tí irú iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwọn pàdé ní Utah, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ènìyàn àti àjọṣe wọn ṣe pàtàkì ju ìlànà àti irinṣẹ́ lọ. Ní 2005, Linus Torvalds ṣe irinṣẹ́ Git, kí àwọn tí ń kọ ètò Linux láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lè máa pa iṣẹ́ wọn pọ̀. Bí a ti ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì báyìí, ẹni tí ó kọ kóòdù kì í dá a dà sínú iṣẹ́ gbogbogbòò. Yóò gbé e síwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, onítọ̀hún yóò kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò tọ́ka sí àléébù, ẹni tí ó kọ ọ́ yóò tún un ṣe, kí wọ́n tó jọ gbà á wọlé. Lọ́la, ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò náà yóò gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Kí ni èyí bí kì í bá ṣe àáró?

Níbi tí ó ti ń bàjẹ́, ohun tí ń ba àáró oko jẹ́ náà ni ó ń bà á jẹ́: ẹnì kan ń yẹ iṣẹ́ gbogbo ènìyàn wò, kò sì sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti wo tirẹ̀; tàbí kí ẹni tí ó yára jùlọ máa gbé ẹrù àwọn yòókù lójoojúmọ́ láìsí ẹni tí ń ka ọjọ́ rẹ̀. Èyí tí ó burú jù lójú mi ni ti ọ̀gá tí ń bẹ ọ̀wẹ̀ lójoojúmọ́, tí ń pe òṣìṣẹ́ ní ẹbí kí wọ́n lè ṣe àṣemọ́jú láìgba nǹkan kan. Ọ̀wẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀ ẹ́ ní 2015 fún àkójọ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan dá owó, àwọn kan fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà wọn ṣe ìrànwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ilé gbogbo Yorùbá ni wọ́n ń mọ. Iṣẹ́ tí ẹnì kan yóò jẹ èrè rẹ̀ kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Kí a ka ọjọ́ níbẹ̀, kí a sì san án.

Lọ́dọọdún ni àwọn Ẹ̀gbá ń ṣe Ọdún Lísàbí ní Abẹ́òkúta, ó sì tọ́ kí a ròyìn ogun tí ó jà. Èmi ìbá fẹ́ kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọdún náà fún oko rẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ tí ó ṣì mọ àáró sọ bí a ṣe ń pín ọjọ́, àti bí a ṣe ń gba gbèsè ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ ẹ́. Kí a pe àwọn ọmọ ọgbà ẹ̀kọ́ Ibogun wá jókòó tì wọ́n, kí àwọn náà sì fi bí wọ́n ṣe ń yẹ kóòdù ara wọn wò han àwọn àgbà.