Okùn kan fún ọ̀pọ̀ ilé: ohun tó yẹ kí oníṣòwò íntánẹ́ẹ̀tì Bouaké mọ̀

Ọdún 2002 ni okùn abẹ́ òkun SAT-3, tó gba Abidjan kọjá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni ogun bẹ́ sílẹ̀, Bouaké sì di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àdéhùn Ouagadougou kò wáyé títí di 2007.

Láàárín ìgbà náà, ìlànà GPON jáde ní 2003, EPON ní 2004. Méjèèjì ń pín okùn kan fún ọ̀pọ̀ ilé láìlo iná mànàmáná lójú ọ̀nà. Àmọ́ wọn kò gbọ́ èdè ara wọn: ẹni tó bá ra ẹ̀rọ EPON fún oníbàárà ní Commerce, tí ẹ̀rọ ọ́fíìsì rẹ̀ sì jẹ́ GPON, owó rẹ̀ wọgbó nìyẹn.

Lóòótọ́, ẹ̀rọ nìkan kọ́. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn mẹ́rin, SAT-3 pẹ̀lú, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dàrú títí dé Èkó.