ÌTÀN BÍ A ṢE Ń FI IPÁ INÁ DARÍ ÒÒFÀ



Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, olùkọ́ wa wé wáyà mọ́ ìṣó, ó so ó mọ́ bátìrì, ìṣó sì di òòfà. A pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́, wáyà gbóná, bátìrì kú. Mo bèèrè pé, ṣé a kò lè darí òòfà láìjẹ́ pé iná ń ṣàn ṣòfò báyìí? Ó ní, "Jókòó, kò sí nínú ìwé wa."

Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní 1820, Hans Christian Ørsted ní Denmark rí i pé iná tó ń ṣàn nínú wáyà ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi iná ṣe òòfà, tí a sì ń fi ooru san owó rẹ̀. Ní 1894, Pierre Curie, ará Faransé, kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ipá iná nìkan, èyí tó ń fa nǹkan tàbí tó ń tì í láìṣàn, sọ ohun mìíràn di òòfà. Ó kú ní 1906.

Kí ló mú un ṣòro? Inú irin kún fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn fàlàlà; àwọn ni í dínà mọ́ ipá iná, kò ní lè wọ inú lọ. Bí irin bá nípọn, òkè ara rẹ̀ nìkan ló máa gbọ́. Àfi kí a sọ ọ́ di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ní 2000, Hideo Ohno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tohoku, Japan, fi indium, arsenic àti manganese ṣe irú awọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tó ń gbé iná nínú rẹ̀ ni oníṣẹ́ láàrin manganese kan sí èkejì. Bí ipá iná bá lé wọn, òòfà a dínkù; bó bá pè wọ́n padà, òòfà a padà. Àmọ́ inú òtútù tó sún mọ́ 250 sísàlẹ̀ òdo, ní ìwọ̀n Celsius, ni. Ní 2011, àwọn mìíràn ní Japan fi awọ cobalt tí kò tó nánómítà 1 ṣe é nínú ooru yàrá lásán: wọ́n tan òòfà, wọ́n pa á, bí ẹni tan fìtílà. Bí a bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà mílíọ̀nù 1, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nánómítà.

Òòfà kéékèèké ni kọ̀ǹpútà púpọ̀ fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Bí ipá iná bá lè máa kọ ọ́, iná tí à ń jó yóò dínkù. Iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín: bí ọmọ bá béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé tiyín, ẹ má ní kó jókòó. Ó lè wà nínú ìwé ẹlòmíràn láti 1894.