Ìwé Tí Kò Jẹ́ Kí Èdè Czech Kú

Dọ́là tí gbogbo ayé ń lé kiri lónìí, ìlú orí òkè kan ní ilẹ̀ Czech ni orúkọ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Jáchymov ni ìlú náà. Àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ń pè é ní Joachimsthal, ìyẹn Àfonífojì Joachim. Ní ọdún 1516 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa fàdákà níbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìdílé Šlik, àwọn ìjòyè tó ni ilẹ̀ náà, fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó fàdákà ńláńlá. Joachimsthaler ni wọ́n ń pe owó náà. Orúkọ yìí gùn lẹ́nu, ni wọ́n bá gé e kù sí thaler. Àwọn Czech ń pè é ní tolar. Nígbà tí yóò fi dé ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó ti di dọ́là.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ilẹ̀ Czech ní àkókò tí ayé òde òní ń là bọ̀, fàdákà àti ààfin ọba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń nawọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ fàdákà Jáchymov kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ààfin náà sì tú ká. Ohun tó ṣẹ́kù sí ilẹ̀ náà lọ́wọ́ nígbà tí ìyà dé ni àwọn ìwé tí wọ́n fi èdè abínibí wọn ṣe. Àwọn tó ṣe ìwé náà kì í ṣe ọba. Atẹ̀wé ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n, àlùfáà ìjọ kékeré kan tí òfin kò fún láyè ni wọ́n.

Ilẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù: Bohemia, tí Prague jẹ́ olú ìlú rẹ̀, àti Moravia tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Àárín gbùngbùn Yúróòpù ni wọ́n wà. Àwọn tó ń sọ èdè Jámánì wà ní ìwọ̀-oòrùn wọn, ní àríwá àti ní gúúsù. Àwọn mìíràn nínú wọn sì ń gbé láàárín ilẹ̀ náà gan-an, pàápàá ní àwọn ìlú ìwakùsà àti ní agbègbè ààlà. Èdè Látìnì ni ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti yunifásítì. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà nígbà náà pé èdè Czech yóò di èdè ìwé tàbí èdè ilé ẹjọ́.

Jan Hus ló ṣí ọ̀nà náà. Àlùfáà ni, ó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Prague. Ní ilé ìsìn kan tí wọ́n sọ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, èdè Czech ló fi ń wàásù fún àwọn ará ìlú. Òun náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó dá a lábàá pé kí wọ́n máa fi àmì sórí lẹ́tà, dípò kí wọ́n máa to lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta jọ nítorí ìró kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ka Yorùbá, tó mọ ohun tó ya s sọ́tọ̀ kúrò lára ṣ, yóò tètè mọ ohun tí Hus ń wá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1415, àwọn àgbà ìjọ Àgùdà tí wọ́n péjọ sí ìlú Constance dá a lẹ́bi ẹ̀kọ́ òdì, wọ́n sì dáná sun ún láàyè.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ nítorí ikú rẹ̀, ó sì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, ìjọ méjì ló kù tí wọ́n jọ ń gbé: àwọn Àgùdà, àti àwọn ọmọlẹ́yìn Hus tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ìjọ ní wáìnì níbi oúnjẹ Olúwa, ohun tí àwọn Àgùdà fi sílẹ̀ fún àlùfáà nìkan. Ní ọdún 1485, ilé ìgbìmọ̀ tó péjọ sí ìlú Kutná Hora pinnu pé kí apá méjèèjì fi ara wọn lọ́rùn sílẹ̀ fún ọdún 31. Wọ́n ní kí àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ onílẹ̀ pàápàá yan èyí tó bá wù ú. Ní ọdún 1512, wọ́n sọ àdéhùn náà di ti títí láé. Láàárín àkókò yìí, ní ọdún 1488, odidi Bíbélì jáde láti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Prague ní èdè Czech. Martin Luther, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ló kọ́kọ́ gbé Bíbélì fún àwọn ará ìlú ní èdè wọn, kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Ìwé kíkà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn àlùfáà. Àwọn oníṣòwò, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn aránṣọ àti àwọn apọntí máa ń dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wọn. Wọn a dáwó jọ, wọn a fi ṣe ìwé orin gbàǹgbà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí wọ́n sì ya àwòrán aláràbarà sí. Ọ̀kan nínú ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1572 fún àdúgbò Malá Strana ní Prague, ní àwòrán kan tó sọ èrò ọkàn wọn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: Wycliffe ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣá iná, Hus ń mú un ràn, Luther sì gbé ògùṣọ̀ tó ń jó lálá sókè.

Ọtí bíà ló ń mú owó wọlé fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí. Àwọn ará ìlú gbà pé àwọn nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti pọn ọ́n tà. Àwọn ìjòyè onílẹ̀ ní àwọn náà fẹ́ jẹ níbẹ̀. Ìjà náà di ọ̀ràn ilé ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1517, wọ́n ṣe àdéhùn tí wọ́n fi orúkọ Wenceslas Mímọ́ pè: àwọn ìjòyè gba àyè láti pọntí, àwọn ìlú sì di ohùn wọn mú nínú ìgbìmọ̀. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ìlú wà lára àwọn tó ṣọ̀tẹ̀ sí Ọba Ferdinand I ti ìdílé Habsburg, ìdílé tó ti wà lórí ìtẹ́ ilẹ̀ náà láti ọdún 1526. Ìyà tó fi jẹ wọ́n pọ̀ ju ti àwọn ìjòyè lọ fíìfíì. Láti ìgbà náà ni agbára ti ń rọra kúrò lọ́wọ́ ìlú bọ́ sọ́wọ́ onílẹ̀. Àwọn onílẹ̀ yìí kò fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré. Jakub Krčín, ẹni tó ń bójú tó ohun ìní ìdílé Rožmberk, gbẹ́ adágún ẹja kan láàárín ọdún 1584 sí 1590 tó ṣì tóbi jù ní ilẹ̀ Czech di òní olónìí. Ẹja carp tí àwọn ìdílé Czech máa ń jẹ ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, irú adágún bẹ́ẹ̀ ló ti ń wá. Àwọn àgbẹ̀ tí iṣẹ́ náà wọ̀ lọ́rùn kò kọ̀wé nípa rẹ̀; ṣùgbọ́n ìtàn àtẹnudẹ́nu agbègbè náà ti so orúkọ Krčín mọ́ ti Sàtánì.

Kí a wá wo àwọn tó ń kọ̀wé. Daniel Adam, ará Veleslavín, ni a bí ní ọdún 1546. Ó di olùkọ́ ìmọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Prague, níbi tí òfin ti sọ pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbéyàwó. Ní ọdún 1576, ó gbé Anna níyàwó, ọmọ Jiří Melantrich, atẹ̀wé tó lókìkí jù ní Prague. Bí iṣẹ́ yunifásítì ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń ka èdè Czech ló jèrè ìgbéyàwó náà. Láti ilé ìtẹ̀wé àna rẹ̀, tó wá bọ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀, ni ìwé ti ń tú jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún: ìwé tó fi ọjọ́ inú ọdún kọ̀ọ̀kan so mọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà nínú ìtàn, ìwé egbòogi Mattioli ará Ítálì ní ọdún 1596, àti ìwé atúmọ̀ èdè ní ọdún 1598 tó to Czech sí ẹ̀gbẹ́ Látìnì, Gíríìkì àti Jámánì. Ẹni tó bá to èdè rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Látìnì ní ayé ìgbà náà ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá láìla ẹnu.

Àmọ́ iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù lọ kò wáyé ní Prague. Ìjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìṣọ̀kan Àwọn Arákùnrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní abúlé Kunvald ní ọdún 1457. Àdéhùn Kutná Hora kò kàn wọ́n, nítorí náà ọwọ́ òfin lè tẹ̀ wọ́n nígbàkígbà. Jan Blahoslav, bíṣọ́ọ̀bù wọn, tú Májẹ̀mú Tuntun láti èdè Gíríìkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1564. Ó tún kọ ìwé gírámà Czech kí ó tó kú ní ọdún 1571. Àwọn tó kù pinnu pé àwọn yóò tú gbogbo Bíbélì, pé láti inú èdè Hébérù gan-an ni àwọn yóò sì ti tú Májẹ̀mú Láéláé. Lukáš Helic, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ Júù, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ Hébérù náà. Ní ọdún 1578, wọ́n kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn láti Ivančice lọ sí Kralice, abúlé kan ní Moravia, sínú ilé olódi kan tí ó jẹ́ ti ìdílé Žerotín. Lábẹ́ ààbò ìjòyè yìí ni wọ́n ti ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún 1579 sí 1594, apá mẹ́fà jáde tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú àlàyé ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Bíbélì Kralice ni gbogbo ayé ń pè é báyìí.

Ní àkókò kan náà, Prague ń tàn yanran. Ní ọdún 1583 ni Olú-ọba Rudolf II kó ààfin rẹ̀ kúrò ní Vienna wá síbẹ̀. Tycho Brahe, onímọ̀ ìràwọ̀ láti Denmark, dé ní ọdún 1599; Johannes Kepler tẹ̀lé e ní ọdún 1600, Prague ni ó sì wà nígbà tí ó fi hàn pé kì í ṣe òbìrípo gbáko ni pílánẹ́ẹ̀tì Mars ń yí oòrùn ká. Ní ọdún 1600 kan náà, Jan Jessenius la òkú ènìyàn ní gbangba fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ní àdúgbò àwọn Júù, Rábì Judah Loew ń kọ́ni, David Gans sì ń kọ ìtàn ní èdè Hébérù. Ògo gidi ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: èdè Látìnì àti Jámánì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ògo náà fi ń sọ̀rọ̀, àpò olú-ọba kan ló sì ń bọ́ ọ. Rudolf kú ní ọdún 1612, ààfin padà sí Vienna, àwọn ọlọ́gbọ́n rẹ̀ sì wá ọ̀nà ibòmíràn.

Rudolf fi ohun kan sílẹ̀ tí kò wù ú láti fún wọn. Ní ọdún 1609, àwọn ìjòyè tí kì í ṣe Àgùdà fi ipá mú un láti fọwọ́ sí ìwé kan tó fún gbogbo wọn lómìnira ìsìn, Ìṣọ̀kan Àwọn Arákùnrin pẹ̀lú. Ní ọdún 1615, ilé ìgbìmọ̀ tún ṣòfin pé àjèjì tó bá fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ Bohemia gbọ́dọ̀ kọ́ èdè Czech. Ẹ̀rù ló bí òfin yìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nípa èdè rẹ̀ kì í ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1618, àwọn ìjòyè tí inú ń bí ju gómìnà méjì àti akọ̀wé wọn jáde láti ojú fèrèsé ààfin Prague. Wọn kò kú, ṣùgbọ́n ogun ti bẹ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1620, ní Òkè Funfun lẹ́bàá Prague, àwọn ọmọ ogun Habsburg ṣẹ́gun wọn láàárín wákàtí díẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n pa ọkùnrin 27 ní gbàgede ìlú: ìjòyè ńlá mẹ́ta, ìjòyè kékeré méje, ará ìlú mẹ́tàdínlógún. Jáchym Ondřej Šlik, ọmọ ìdílé tó rọ thaler, wà lára wọn. Kryštof Harant wà lára wọn, olórin tó ti rin ìrìn àjò dé Jerúsálẹ́mù àti Íjíbítì, tó sì kọ ìwé ìrìn àjò náà ní èdè Czech ní ọdún 1608. Wọ́n gé ahọ́n Jessenius kí wọ́n tó bẹ́ ẹ lórí. Orí méjìlá ni wọ́n fi kọ́ sórí ilé ìṣọ́ afárá ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà fún ọdún mẹ́wàá.

Òfin tuntun jáde ní ọdún 1627. Ìjọ Àgùdà nìkan ló kù tí òfin gbà. Ẹni tí kò bá yí padà, bí ó bá jẹ́ ìjòyè tàbí ará ìlú, kí ó kó ẹrù rẹ̀. Èdè Jámánì di ọgbọọgba pẹ̀lú Czech ní ilé ẹjọ́, òfin ọdún 1615 sì di ìtàn. Jan Amos Comenius, àlùfáà ìjọ Arákùnrin, kọjá sí Pólàǹdì ní ọdún 1628, kò sì padà wálé mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1670. Àgbẹ̀ abẹ́ onílẹ̀ kò ní àǹfààní àtilọ. Ó jókòó, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, àwọn mìíràn nínú wọn sì fi Bíbélì Kralice pamọ́ sínú ògiri àti sábẹ́ pákó ilẹ̀.

Àwọn tó kọ ìtàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pe àkókò yìí ní òkùnkùn biribiri. Wọ́n ti àsọdùn bọ̀ ọ́ díẹ̀. Bohuslav Balbín, àlùfáà Àgùdà pọ́ńbélé, kọ ìwé ní èdè Látìnì láti gbèjà èdè Czech, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1775 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, nígbà tí òun ti kú. Nígbà tí àwọn Àgùdà fúnra wọn sì fẹ́ Bíbélì tuntun ní èdè Czech, wọn kò lè ṣàì yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Kralice tí wọ́n ti lé lọ.

Nígbà tí Josef Dobrovský, òun náà àlùfáà Àgùdà, jókòó láti gbé ìlànà kalẹ̀ fún èdè Czech, èdè ayé Veleslavín àti ti Bíbélì Kralice ló mú ṣe òṣùwọ̀n. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1809, èdè Jámánì ló sì fi kọ ọ́, nítorí èdè náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Prague ń kà nígbà náà. Ní Kralice, àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé olódi àtijọ́ náà ní ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì ṣa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà òjé láti inú yẹ̀pẹ̀. Ilé ìrántí kan wà níbẹ̀ báyìí tí àlejò ti lè rí wọn.