Ẹ̀kọ́ Àtòkèèrèkọ́ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ: Láti Orí Ìwé dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dáyé ni àwọn ọmọ Rẹ́mọ ti ń jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́, gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ àtòkèèrè ní ọdún 1944. Ìwé ni olùkọ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìwé kò bá yé e, kò sí ẹni tí yóò bi léèrè nítòsí.

Ní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì àtòkèèrèkọ́ sílẹ̀. Ìjọba ológun dá a dúró ní ọdún 1984, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jí i dìde ní ọdún 2001. Òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NOUN lónìí. Ìpín kéékèèké ni wọ́n gé àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí: ìpín kọ̀ọ̀kan ń sọ èròǹgbà rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè láàárín, ó sì ń ṣe àkópọ̀ níparí. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tí ó ń pa àlọ́ àpamọ̀ kì í sọ ìdáhùn kí àwọn ọmọ tó gbìyànjú. Ìgbìyànjú yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ìpèníjà tuntun dé ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ní láti gbé iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ọ̀tọ̀ ni kí iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ní Simawa, tí fóònù nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ń fi dátà sanwó fún gbogbo ohun tí ó bá ṣí. Ìwé tí wọ́n ya ní fọ́tò máa ń jẹ dátà ju èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ń kàwé sókè fún afọ́jú kì í sì í sábà rí ọ̀rọ̀ kà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fídíò tí kò ní àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kò ran adití lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú lásán: láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá.

Ti olùkọ́ èdè Yorùbá tún lé kan. Bí fọ́ńtì rẹ̀ kò bá tẹ̀ lé ìlànà Unicode, àmì ohùn lè dàrú lójú fóònù ẹlòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ̀ bóyá ìgbà ni, tàbí igbá, tàbí igba. Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣí iṣẹ́ rẹ̀ wò lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, kí ó sì ní kí ẹlòmíràn dáhùn àwọn ìbéèrè inú rẹ̀, kí ó tó fi ránṣẹ́.