Àwòdì ń bọ̀ wálé: Ẹyẹ arìnrìn-àjò tó ń padà sí ìtẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún bá wọlé, igbe kan wà tí etí àwọn àgbà ìlú kì í ṣì mọ̀. Láti òkè réré ló ti ń wá. Ó rí tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n, bí ẹni pé èèyàn kan ń fun fèrè. Kí ọmọdé tó gbójú sókè, ìyá adìẹ ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá. Àwòdì ti dé nìyẹn.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan iyẹ̀pẹ̀ ká orí omi tí Ilé-Ifẹ̀ fi di ilẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọmọ adìẹ ni ará ìlú kọ́kọ́ ń rò bí àwòdì bá yọ. Wọn a hó lé e, wọn a sì sọ òkò. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìrìn-àjò ni ẹyẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé, ilé rẹ̀ ló sì padà sí. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lóde òní ni bóyá yóò bá ilé náà níbi tó fi í sí.

Irú ẹyẹ wo ni àwòdì?

Àwọn ọmọ ìwòyí ti da orúkọ àwòdì, àṣá àti igún pọ̀ mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àṣá kéré sí àwòdì. Igún ní tirẹ̀ kò ní ìyẹ́ gidi lójú àti lọ́rùn. Ara àwòdì pọ́n rúsúrúsú, bí ó bá sì na apá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan ààbọ̀ láti ìkángun kan dé ìkejì. Àmì méjì ni a fi ń dá a mọ̀: àgógó ẹnu rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè, ìrù rẹ̀ sì là díẹ̀ ní ìparí. Ìrù yìí ló ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún láti fi darí ara rẹ̀, bí ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣe ń fi àjẹ̀ darí ọkọ̀.

Milvus migrans parasitus ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Àwọn kan kà á sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Milvus aegyptius. Ó ní ìbátan kan ní ilẹ̀ Yúróòpù tí àgógó tirẹ̀ dúdú. Ìyẹn máa ń sá fún òtútù, á gba ojú omi Gibraltar kọjá wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n kì í yé ẹyin níbí. Èyí tí àgógó rẹ̀ pọ́n ló ń yé ẹyin, tó sì ń tọ́ ọmọ lọ́dọ̀ wa.

Níbo ló ń lọ?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ìrìn-àjò tí àwòdì ń rìn jìnnà ju Ìbarà lọ fíìfíì. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í le ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, á kọrí sí àríwá, sí ilẹ̀ ọ̀dàn tó fi dé ẹ̀bá aṣálẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti lo ìgbà òjò, nítorí pé nígbà náà ni kòkòrò ń pọ̀ lọ́hùn-ún, nígbà tí koríko àti ewéko ti bo ohun tó lè pa jẹ mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ igbó tiwa. Bí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, á tún padà sí gúúsù. Ní ọdún 1973, J. H. Elgood, tó ti ṣe olùkọ́ nípa ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú C. H. Fry àti R. J. Dowsett, ṣe àkọsílẹ̀ nípa àwọn ẹyẹ Áfíríkà tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí ní Nàìjíríà.

Ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ọ̀pọ̀ àwòdì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ru sókè láti ilẹ̀ máa ń gbé e káàkiri láìjẹ́ pé ó ń ju apá. Níbi tí àgbẹ̀ bá ti ń dáná sun oko, á dúró sí etí èéfín láti ṣọdẹ tata àti alángbá tó ń sá fún iná. Ó ń jẹ eku, ó ń jẹ ẹran tí ọkọ̀ pa sójú títì àti ohun tí àwọn alápatà dà nù. Kódà, ó ń jẹ ẹyìn ọ̀pẹ. Ọmọ adìẹ tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ pariwo kàn jẹ́ díẹ̀ lára oúnjẹ rẹ̀ ni.

Ìtẹ́ àti ọmọ

Orí igi gíga ni àwòdì ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ó lè tún ti àtijọ́ ṣe, ó sì lè kọ́ tuntun sí ìtòsí rẹ̀. Igi wẹ́wẹ́ ló fi ń hun ún, á wá kó àkísà, bébà àti ọ̀rá sínú rẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí lásán nìyí o. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Sípéènì lórí ìbátan rẹ̀ ti Yúróòpù, tí ìwé ìròyìn Science gbé jáde ní 2011, fi hàn pé ọ̀rá funfun tí ẹyẹ náà fi ń ṣe ìtẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́ jẹ́ ìkìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó ni ibẹ̀ lágbára láti dáàbò bò ó.

Ẹyin méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń yé. Ó ń lò ju oṣù kan lọ díẹ̀ lórí wọn kí wọ́n tó pa, àwọn ọmọ yóò sì lò tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 nínú ìtẹ́ kí wọ́n tó lè fò. Ẹni tó bá gé igi náà lulẹ̀ láàárín oṣù kejìlá sí ìkẹta ti fi iṣẹ́ ọdún kan ṣòfò fún tọkọtaya náà.

Bí àwọn mìíràn ṣe ń dúró de tiwọn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹyẹ apẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní osprey. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Sẹ̀nẹ̀gà, Gáńbíà àti agbègbè wọn, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń lo ìgbà òtútù. Ìbọn àti àwọn tó ń jí ẹyin kó ló pa wọ́n run nílẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí méjì tún padà wá kọ́ ìtẹ́ sí Loch Garten ní Scotland ní 1954, nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìtẹ́ wọn tọ̀sán-tòru. Ní Rutland, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ẹyẹ náà wá láti Scotland ní 1996, ọdún 2001 ni èyí àkọ́kọ́ sì tó bímọ níbẹ̀. Lónìí, bí oṣù kẹta bá ti dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wo ìtẹ́ òfìfo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń retí ẹyẹ kan ṣoṣo.

Ewu tó wà níwájú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó lè dé bá àwòdì, kí ó wo igún. Ẹyẹ tó wọ́pọ̀ ní ibi ìpẹran gbogbo nílẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́sí ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé kò rí rí, àfi nínú òwe. Ní 2015, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn tó ti sún mọ́ àwátì pátápátá. Ní Guinea-Bissau, májèlé pa igún tó ju 2,000 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020.

Ọ̀nà kan náà ni àwòdì wà. Àwọn oníwádìí ka òkú ẹyẹ ajẹran 2,646 ní ibùdó ọjà 67 ní orílẹ̀-èdè 12 ní apá Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, láàárín 1990 sí 2013. Àwòdì àti igún nìkan kó ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Oògùn ìbílẹ̀ àti oúnjẹ ni wọ́n ń rà wọ́n fún. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn CITES, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974, ní òfin lórí títa àwòdì láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Yàtọ̀ sí ọjà, oògùn eku tí wọ́n dà káàkiri lè ti inú òkú eku wọ inú ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìrókò àti àràbà ń di pákó bí ìlú ṣe ń fẹ̀.

Ohun tí ará ìlú lè ṣe

Kò gba owó. Ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, ní ilẹ̀ gbalasa àti igi tí ènìyàn lè dúró sí láti wo ojú sánmà láti oṣù kẹwàá lọ. Kí olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí àwòdì sílẹ̀ lọ́dọọdún; bí ọjọ́ náà bá ń yí padà, tàbí tí iye wọn bá ń dín kù, ìwé wọn ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi tí ìtẹ́ wà lórí rẹ̀, kí ó mú sùúrù títí oṣù kẹrin yóò fi parí. Ẹni tó ń sin adìẹ, kí ó fi àwọ̀n bo àwọn ọmọ kéékèèké fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan dípò májèlé. Ẹni tó bá fi oògùn pa eku, kí ó ri òkú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Wọ́n sì tún ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Kí ará ilẹ̀ máa wò ó nìṣó, kí igi rẹ̀ sì wà ní ìdúró dè é.