Èèwọ̀ àti Òfin Ìwé: Ìtàn Ààbò Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nípa èèwọ̀, abẹ́ ẹ̀sìn ni a sábà máa ń pín in sí, a ó sì kọjá síbẹ̀. Èrò tiwa ni pé èèwọ̀ tí ó de igbó jẹ́ òfin ìlú ní ti gidi: ó ní ààlà, ó ní àwọn tí ń mú un ṣẹ, ó sì ní àmì tí a fi ń kéde rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ni a ó fi ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé ibẹ̀ ni òfin àtẹnudẹ́nu ti di ti ìwé.

Orí igi gígé ni ìtàn ìtẹ̀dó Òṣogbo pàápàá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn dé etí odò, igi kan tí wọ́n gé wó sínú omi, ohùn kan sì ké jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ni ó ni ohùn náà. Láti ibẹ̀ ni àdéhùn ti wáyé: wọn yóò sún kúrò létí odò, wọn yóò sì máa bọ ọ́ lọ́dọọdún, òun náà yóò máa dáàbò bò wọ́n. Òpìtàn lè jiyàn lórí ìkòkò aró. Ohun tí ó jẹ wá lógún ni pé igi gígé ni ìlú yìí kà sí ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìtàn ara rẹ̀.

Òfin tí ó ti inú àdéhùn náà jáde kò lọ́jú pọ̀. A kò gbọdọ̀ gé igi inú igbó náà, a kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ pa ẹja inú odò rẹ̀. Àtáọ́ja, Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò ni wọ́n wà nídìí rẹ̀. Màrìwò tí a fi ń sàmì sí ẹnu igbó òòṣà tó ìkéde. A kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í túmọ̀ ààlè fún olè.

Igi tí kò ní irú ààbò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1895, rọ́bà tí wọ́n kó gba Èkó lọ sí òkè òkun ju 5,000,000 pọ́n-ùn lọ ní ìwọ̀n. Ara igi inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń gba oje rẹ̀ láìdá a sí. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, púpọ̀ nínú àwọn igi náà ti kú. Ìjọba amúnisìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya igbó sọ́tọ̀. Olókèméjì, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1899, wà lára àwọn àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí orúkọ tí àwọn ènìyàn wa fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: igbó ọba. Ẹni tí ó bá gégi nínú igbó òòṣà ń bẹ̀rù òòṣà, ó ń bẹ̀rù ará ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé ti igbó ọba ń bẹ̀rù olùṣọ́ igbó nìkan. Bí ìyẹn kò bá sí nítòsí, ẹ̀rù tán.

Síbẹ̀, agbára èèwọ̀ kò ju iye àwọn tí ó gbà á gbọ́ lọ. Nígbà tí yóò fi di 1950, ojúbọ ti ń wó, àwọn àwòrò ti ń dínkù, olè sì ń jí ère gbé tà. Ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó tilẹ̀ gba apá kan Igbó Ọ̀ṣun fún ìdánwò ọ̀gbìn, wọ́n gé igi, wọ́n sì gbin òmíràn dípò. (Ó yani lẹ́nu pé ẹ̀ka tí a dá sílẹ̀ nítorí igbó ni ó ṣe èyí.) Àkókò yìí ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé. Pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Àtáọ́ja, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tún ojúbọ mọ, wọ́n sì lé àwọn ọdẹ àti àwọn tí ń dù láti ra ilẹ̀ náà sẹ́yìn. Ní 1965 ìjọba fi òfin dáàbò bo apá kan igbó náà. Ní 1992 òfin náà ká gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀. Ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Oríṣi ewéko tí ó wà níbẹ̀ lé ní 400, èyí tí a sì ń fi ṣe oògùn nínú wọn ju 200 lọ.

Òfin ìwé gba igi là. Ṣùgbọ́n Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣàn wá. Ìwakùsà wúrà ní òkè odò ti sọ omi náà di ẹrẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn olùbọ má ṣe mu ún. Hẹ́kítà 75 kò dé ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà, bẹ́ẹ̀ ni èèwọ̀ Òṣogbo kò de ẹni tí ń wà á.